Iná Tó Mọ Ibi Tó Ń Lọ

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi jó irin mọ́ irin
ní èbúté Duluth, níbi tí adágún ńlá ti ń mí bí ẹranko tó sùn.
Mo mọ iná. Mo mọ bó ṣe ń purọ́:
á kú lójú, á sì máa jó lábẹ́ irin.
Ẹ wo apá mi.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n ní ìtànṣán ti pa kókó inú orí Verna,
tí Aune àbúrò rẹ̀ ń sunkún ayọ̀ lórí fóònù,
èmi dákẹ́.
Mo ń retí èéfín.

Èéfín dé lóṣù kẹsàn-án.
Ọwọ́ ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀: ife tíì já bọ́.
Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀.
Ó fẹ́ béèrè ọ̀bẹ, ó ní kọ́kọ́rọ́.
Ó fẹ́ pe orúkọ mi, ó wò mí títí,
ó rẹ́rìn-ín ẹni tó ṣìlé wọ̀.
Obìnrin tó fi ogún ọdún ó lé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ
ní orúkọ gbogbo odò tó ń ṣàn wọ adágún wa!

Dókítà Rangaswamy fi bírò ya orí sórí bébà.
Ó ní kókó ti kú, kì í ṣe òun ló padà wá;
ẹran ọpọlọ tí ìtànṣán sun mọ́ ọn ló kú sáàyè rẹ̀,
ló ń wú, ló ń ti aládùúgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Wọ́n ti fún un lóògùn tí ń mú wíwú rọlẹ̀.
Inú orí rọ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ gba wíwú náà,
oorun sì lọ: aago mẹ́ta òru, Verna ń to ṣíbí.
Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.
Iná mìíràn ni òwe ń wí, mo mọ̀.
Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

"Iná la ó fi wò ó," ni dókítà wí.
Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dára. Iná ẹlẹ́ẹ̀kejì?
Ó ní lésà ni, ìmọ́lẹ̀ inú okùn dígí,
ihò tí pẹ́ńsù lásán lè dí.
A ò ní la agbárí bí ẹni la àgbọn.
Inú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ni yóò dùbúlẹ̀ sí,
ẹ̀rọ á máa ka ooru ọpọlọ rẹ̀ bó ṣe ń gòkè;
bó bá fẹ́ ré ààlà kọjá, ìmọ́lẹ̀ á kú.
Kò ṣèlérí. Ó ní ó lè kọ́kọ́ wú sí i.
Mo ní, "Ta ló ń di iná náà mú?"
Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi.
Mo wò ó bí mo ṣe ń wo ọwọ́ ọmọṣẹ́ tuntun.
Kò gbọ̀n.

Lọ́jọ́ náà yìnyín bo gbogbo ọ̀nà.
Mo jókòó, fìlà mi lórí orúnkún,
mo ń jó irin nínú ọkàn mi:
rọra,
má pẹ́ lójú kan,
má kánjú kúrò.
Ọkùnrin kan ń jẹ ápù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,
gbogbo bó ṣe ń gé e ni mo ń gbọ́.

Òwú kan ṣoṣo ni wọ́n fi rán an.
Lọ́jọ́ kejì, mo wà á lọ sílé.

Ó di oṣù karùn-ún kí yìnyín tó yọ́.
A gba etí adágún lọ, kò sọ̀rọ̀,
títí a fi dé orí afárá àkọ́kọ́.
"Lester," ó ní.
Mo di ìdarí ọkọ̀ mú ṣinṣin.
"French."
Ó fo ọ̀kan. Mi ò sọ nǹkan kan.
Lẹ́yìn náà, odò tí wọ́n fi ọ̀bẹ sọ lórúkọ,
omi rẹ̀ pupa bí tíì, ó ń sáré wọ adágún.
Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó nà án sí i.
"Ọ̀bẹ," ó ní. "Einar, ọ̀bẹ nìyẹn."